Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ọmọ Fún Ọlọ́mọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti olùkọ́ sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyí, nígbà tí sáà ìdíje eré ìdárayá ń bọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, àwọn ibi tí mo ti wúkọ́ nìkan ni mo yọ.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìnáwó ilé-ìwé, ẹ kú ọjà tó wọ́n. Alága ní ogójì ìṣẹ́jú ni òun fún mi. Ẹni tó fi ọdún 31 fọn fèrè lórí pápá kò ní ṣàìmọ ìgbà tí àkókò pé, ẹ má fòyà.

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Inú ọ̀rọ̀ yẹn la bí gbogbo wa sí. Ìyá mi, bí ẹ bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, ohun tó máa sọ ni pé, "Ọlọ́run ṣe é, wọ́n pọ̀ díẹ̀." Títí ó fi papò dà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, n kò gbọ́ iye wa lẹ́nu rẹ̀ rí. N kò sì bá a wí. Ẹni tó bímọ nígbà tí ìgbóná àti ibà ń kó ọmọdé lọ, tí èyí tó bí lónìí lè má sí lọ́la, ó nídìí tó fi ń bẹ̀rù kíkà.

Ṣùgbọ́n àwa Ìjẹ̀bú, owó ńkọ́? Ẹ lọ sí ọjà Òkè-Àje. Ìyá tó ń ta gààrí níbẹ̀, kó o tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó ti ka owó tó o san. Á kà á láti iwájú, á yí i padà, á tún un kà láti ẹ̀yìn, á wá gbé ẹ̀yí tó ya díẹ̀ sókè wò lójú oòrùn. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní aláìnígbàgbọ́. Owó tí a lè tún wá, ẹ̀ẹ̀mejì là ń kà á. Ọmọ tí kò ní pààrọ̀, a ní kí Ọlọ́run bá wa kà á.

Ohun tí mo gbé wá kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá kó ọmọ ọlọ́mọ jáde ní kíláàsì, ìbáà jẹ́ pápá, ìbáà jẹ́ etí odò, kó máa kà wọ́n. Kó kà wọ́n sókè, kó tún wọn kà. Ìyókù tí màá sọ, àlàyé ni.

Kí n má baà ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́, ara mi ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún kẹta tí mo gba iṣẹ́, ilé-ìwé tí mo wà nígbà náà rán àwa olùkọ́ méjì pẹ̀lú ọmọ 44 lọ sí apá Wọ́tásáìdì, ìjọba ìbílẹ̀ etí omi ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí wọ́n lọ fojú rí ohun tí wọ́n kọ́ nínú ìwé jọ́gíráfì. Mo kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n jẹ́ 44. Mo kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jẹ́ 44. Mo yin ara mi.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá tí a jọ lọ kọjá sọ́dọ̀ àwọn apẹja, ó ń ná ẹja tí ìyàwó rẹ̀ rán an. Èmi wà nídìí kúlà, mo ń bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Àwọn ọmọ wà nínú omi tí kò kọjá orúnkún wọn, wọ́n ń ta á síra wọn lára, ariwo sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ariwo yẹn gan-an ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń gbọ́ wọn, kò séwu.

Ọkùnrin kan tó ń wa yanrìn nínú ọkọ̀ ló rí i. Ó ju garawa ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ́ sómi, ó sì fa ọmọkùnrin kan jáde níbi tí ilẹ̀ abẹ́ omi ti gé wọlẹ̀ lójijì. Ibẹ̀ kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ sí ibi tí àwọn yòókù ti ń ṣeré. Ètè ọmọ náà ti dúdú. Ó gbé e wá sí ẹsẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, omi ń kán tó-tó-tó lára àwọn méjèèjì. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi? Mo ní, "Ọmọ ta nìyí?"

Ọmọ tèmi ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tó wà lápò mi. Bí ọkùnrin yẹn kò bá gbójú sókè, à bá ti jẹun tán, à bá ti fọ abọ́, à bá ti wọ bọ́ọ̀sì, ìgbà yẹn ni à bá tó mọ̀ pé 43 la kù. Ọmọ náà bì, ó sunkún, ó yè. Bàbá ọlọ́mọ ni báyìí. Èmi ni n kò lè jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà mọ́, ẹ lè bi ìyàwó mi léèrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ariwo yẹn, torí òun ló tàn mí jẹ. Nínú fíìmù, ẹni tó ń rì máa ń jùwọ́, á máa ké pé ẹ gbà mí. Irọ́ ni. Èémí la fi ń kígbe, èémí gan-an sì ni ẹni tó ń rì ń wá kiri. Ẹnu rẹ̀ á wọ omi, á yọ, á tún wọ̀ ọ́, kò sí àyè láàrin rẹ̀ láti pe ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ á nà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á máa tẹ omi mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbéra lórí tábìlì. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kò lè fi ọwọ́ yẹn ṣe nǹkan mìíràn. Á dúró ṣánṣán, á gbé orí sẹ́yìn, á la ẹnu, ojú rẹ̀ á máa wò suu. Ẹni tó wà lórí bèbè á ní ó ń ṣeré ni. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frank Pia, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọn olùwẹ̀ ní Orchard Beach ní New York, ló wo èyí fínnífínní tó sì ṣàlàyé rẹ̀ fáyé. Láti ìgbà tí ìjàkadì náà bá ti bẹ̀rẹ̀, láàárín 20 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá ni orí á wọlẹ̀ pátápátá. Ẹ ṣírò rẹ̀ bó ṣe rí nídìí kúlà: abọ́ ìrẹsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 300,000 ló kú sómi lágbàáyé ní 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò tó bíi tiwa ló sì ni ju 9 lọ nínú 10 wọn. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí 14, ó wà nínú ohun mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ń pa wọ́n. Ọdún 2021 yẹn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya 25 July sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìdènà kíkú sómi. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ náà ń bọ́ sí ìgbà tí odò kún tí àwọn ọmọ sì ń palẹ̀ mọ́ fún họ́lídè gígùn. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan fún Ìjẹ̀bú, n kò bá yan òmíràn.

Odò tiwa tún wá yàtọ̀. Ọ̀ṣun tó ń gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí ọ̀sà, lásìkò òjò, ó máa ń dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Bí orí ọmọ bá fi lè wọlẹ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ojú kò ká a mọ́. Kì í sì í ṣe odò nìkan. Àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ lẹ́bàá títì sílẹ̀, tí òjò wá rọ kún, àwọn ọmọ ti sọ wọ́n di ibi ìwẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bí ìsàlẹ̀ wọn ṣe jìn tó, ẹ̀gbẹ́ wọn sì máa ń yọ̀ débi pé ọmọ tó wọ̀ ọ́ kò ní rí ibi dìmú jáde.

Nínú ìpàdé PTA, kò sí ọdún tí ẹnì kan kì í dìde sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, tí a ó sì pàtẹ́wọ́. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni alákàn ní fún orí ẹyọ kan, orí ara rẹ̀ náà sì ni. Ojú méjì ni olùkọ́ ní fún orí 44. Nínú omi tí kò mọ́, ojú á ṣìnà, iye ni kò ní purọ́ fún ọ.

Bí a ṣe ń kà á kò le. Àwọn Síkáòtù ti ń ṣe é tipẹ́. Kí ọmọ kankan tó kan omi, ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ ẹnìkejì rẹ̀ ní orúkọ. Kí ẹni tó mọ ìwẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má sì wà ní ibì kan náà: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ lọ ju ibi tí omi ti mọ ọ́n ní ìbàdí lọ, kí ẹ sì na okùn sí ojú ibẹ̀ kó lè rí i. Ẹ má bi í bóyá ó mọ ìwẹ̀ o. Gbogbo ọmọkùnrin ọdún 14 ló mọ ìwẹ̀ lẹ́nu. Ní kó wẹ̀ níwájú rẹ, níbi tí omi kò ti jìn, kó o fojú rẹ rí i.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, fèrè á dún. Ẹnìkejì á di ẹnìkejì lọ́wọ́ mú, wọ́n á na ọwọ́ náà sókè, wọ́n á sì dúró gbọnin, olùkọ́ á wá ka ọwọ́. Ọmọ tó bá nìkan nawọ́ ti sọ fún ọ pé ẹnì kan kò sí. Bí iye kò bá pé, gbogbo wọn á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì kọ́kọ́ wá a lọ sí ìdí igbó pé bóyá ó lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí ṣọ́ọ̀bù bisikíìtì. Inú omi ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a. Bó bá jẹ́ pé ìdí igbó ló wà, kò sí ohun tí yóò ṣe é níbẹ̀ tí kò lè dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó wá ku ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn láàárín fèrè kan sí èkejì. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá rán olùkọ́ mẹ́fà lọ tí ẹ ní kí gbogbo wọn máa ṣọ́ ọmọ, ẹ ò rán ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn ìjàǹbá: "Gbogbo wa la wà níbẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀kan ń bu oúnjẹ, ọ̀kan ń ya fọ́tò fún wọ́sáàpù àwọn òbí, ọ̀kan ń bá dírẹ́bà jiyàn owó epo. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo ra fìlà pupa kan. Ẹni tó bá dé fìlà yẹn, kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé yìí ju kó máa wo omi lọ. Kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ gbé fóònù, bí ọ̀gá àgbà bá pè é, kó má dáhùn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, torí ojú máa ń rẹ̀, á ṣí i, á fi dé ẹlòmíràn, á sì sọ fún un lójú kojú pé, "Wọ́n ti di ọwọ́ rẹ o, 44 ni wọ́n." Ẹni tó gbà á á ní, "Mo gbà wọ́n, 44." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Onífìlà. Mo jẹ́ orúkọ náà.

Kí ẹ má rò pé àìsí owó ló ń fa gbogbo èyí. Ní 22 March 1993, ní Lyme Bay ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́jọ láti Plymouth àti olùkọ́ wọn wa ọkọ̀ kékeré lọ sójú òkun, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìgbafẹ́ méjì tó yẹ kó mójú tó wọn. Atẹ́gùn gbé wọn lọ síwájú, ọkọ̀ ń dojú dé. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kò ní ìmọ̀ tó fún ojú òkun, wọn kò mú ohun tí wọ́n lè fi pe olùrànlọ́wọ́ dání, ọ̀pọ̀ wákàtí sì kọjá kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú. Ohun tó dùn mí jù ni pé, lọ́dún tó ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó ti fibẹ̀ sílẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ibùdó náà pé bí kò bá tún ọ̀ràn ààbò ṣe, ẹ̀mí lè bọ́. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ní 1994, ìjọba wọn sì ṣe òfin ní 1995 pé ibùdó irú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọmọdé láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ìgbà tí gémù másítà yín bá kọ lẹ́tà sí yín pé nǹkan báyìí kò dára, ẹ má kàn jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Bí ọmọ bá wá ń rì ńkọ́? Ẹ má bẹ́ sí i. Ó dùn ún wí, ó ṣòro ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì á gun ohunkóhun tó bá kàn án, bó bá sì jẹ́ ìwọ ni, á gùn ọ́, ẹ óò wá di méjì. Ọkùnrin oníyanrìn yẹn, inú omi ni wọ́n bí i sí, ẹ má fi ara yín wé e. Na igi sí i, na aṣọ sí i, dùbúlẹ̀ lórí bèbè kó má baà fà ọ́ wọlé. Bí ọwọ́ kò bá tó o, ju nǹkan tó ń léfòó sí i. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ti òyìnbó. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25, tó ṣófo, tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, á gbé àgbàlagbà dúró lórí omi. Ẹ fi omi bí ife kan sí inú rẹ̀ kó lè lọ jìnnà bí ẹ bá jù ú, ẹ so okùn tó gùn tó mítà 15 mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó bọ́ọ̀lù kan.

Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má so ó kọ́ ní ẹsẹ̀, ẹ má yí i lórí àgbá, ẹ má fún un ní epo pupa. Omi ikùn kọ́ ló ń pa á. Afẹ́fẹ́ ni kò rí, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí àyà rẹ̀ gbé sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, kó wọlé tó ìdá mẹ́ta ìnípọn àyà, ẹ fẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ tún padà sí 30. Títẹ̀ náà yára: 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà, torí náà ẹ má dúró de ọkọ̀. Kí ẹlòmíràn pe 112, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bó bá sì jí, tó jókòó, tó ní òun fẹ́ mu mínírà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn síbẹ̀, torí ohun tí omi ti ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró lè jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣeé kọ́ lẹ́nu mi lásán. Ẹ pe àwọn Red Cross wá sí ilé-ìwé yín, kí wọ́n fi ère kọ́ yín, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.

Mo ti pẹ́ létí omi, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká gòkè wá sí pápá.

Láti ìgbà tí Remo Stars ti gba ife líìgì ní 2025, kò sí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ṣágámù tí kò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n sì máa ń rọ̀ mọ́ pósítì bí wọ́n bá jẹ góòlù. Pósítì irin tí a kò rì mọ́lẹ̀, iwájú rẹ̀ ló wúwo, iwájú náà ló sì ń ṣubú sí. Mo rí ọ̀kan tí atẹ́gùn òjò gbé ṣubú lọ́jọ́ Sátidé kan tí kò sí ọmọ níbẹ̀. Irin òkè rẹ̀ jin ilẹ̀ wọnú, mo sì fi ẹsẹ̀ mi wọn kòtò náà: bàtà mi wọ inú rẹ̀. Ẹ rọ yanrìn sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ gbé mẹ́ta-mẹ́ta lé irin ẹ̀yìn, ẹ sì fi ọwọ́ tì í kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá mì, kò séré.

Ọ̀kọ̀ jíjù àti ọta irin, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má lọ gbé èyí tí wọ́n jù títí fèrè yóò fi dún. Fífa okùn náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wé okùn mọ́ ọwọ́. Ní Taipei ní October 1997, okùn já níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti ń fà á, ọkùnrin méjì sì pàdánù apá kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀.

Oòrùn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. February àti March la máa ń ṣe íńtà-háòsì, ìgbà tí oòrùn le jù. Àwọn ọmọ ti tò sílẹ̀ fún máàkì pásìtì láti aago mẹ́jọ, ọmọ kékeré tó wọ ibọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ funfun, àlejò pàtàkì wá dé ní aago méjìlá pẹ̀lú ìlù. Wọ́n ti dákú mẹ́ta kó tó jókòó, a sì ní ebi ló ń pa wọ́n, wọn kò jẹun láti ilé. Kì í ṣe ebi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí àlejò. Ẹni tó bá pẹ́, kó bá eré níbi tó bá dé.

Lábẹ́ kánópì, ẹ wo wáyà. DJ ti fa tirẹ̀ gba ìdí jẹ́nẹ́rétọ̀, oní-áísìkiriìmù ti so tirẹ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀ tutù, ọmọ kò sì wọ bàtà. Ní 2023, ọmọ kan kú níbi ìdíje ilé-ìwé ní Èkó, ìjọba sì sọ pé àyẹ̀wò òkú fi hàn pé iná mànàmáná ló gbé e. Kí oníná kan tó mọṣẹ́ yí gbogbo rẹ̀ ká ní àárọ̀, kí ìdí iná sì ní ọgbà tí ọmọ kò lè fò.

Ọ̀rọ̀ ọkàn tún wà níbẹ̀. Àwa àgbà tó wà níbí ò tíì gbàgbé 12 August 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ ní Sùúrùlérè níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá, ọmọ ọdún 25, tí kò sì dìde mọ́. Ní 12 June 2021, Christian Eriksen ti Denmark ṣubú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní Copenhagen. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ lórí koríko níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ta ọkàn rẹ̀ jí, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà. N kò sọ pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ náà. Títẹ àyà nìkan kò gba kọ́bọ̀.

Kíkà tí mo ń sọ, kì í ṣe ti orí nìkan. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni mo kàn báyìí. Mo ti gba fọ́ọ̀mù ìlera lọ́wọ́ yín fún ọdún 31. Níbi tí wọ́n ti béèrè àìsàn tí ọmọ ní, ẹnì kan kọ ọ́ pé "Kò sí lórúkọ Jésù." Ẹlòmíràn kọ "Alhamdulillah." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ ẹni àkọ́kọ́ wó lulẹ̀ nínú eré mítà 800, egungun ń ro ó, a sì wá gbọ́ nílé ìwòsàn pé SS ni, ìyẹn àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde. Gbogbo ilé ló mọ̀. Èmi tí mo ní kó sáré ni n kò mọ̀. Bí nǹkan bí ọmọ Nàìjíríà kan nínú mẹ́rin bá gbé AS, tí àwọn òbí méjì tó gbé e sì lè bí ọmọ SS, kò sí kíláàsì tí fòníkú-fọ̀la-dìde kò lè dé. Ọmọ SS lè ṣeré, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi mímu lemọ́lemọ́ àti ìsinmi, kò sì fẹ́ omi tútù ní ara. Ọmọ tó ní asíímà, kí ínhélà tó ń fà sẹ́nu wà lápò olùkọ́, kó má wà nínú báàgì tí wọ́n tì mọ́ kíláàsì. Ọmọ tó ní wárápá, bí gìrì bá mú un lórí koríko, á dìde. Bó bá mú un nínú omi, tí kò sí ẹni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ mọ ìyókù. Ẹ sọ fún wa. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pè mí sí kọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ sí mi létí.

Mo ti jókòó nígbà tí ìyá kan láti Wọ́tásáìdì dìde. Ó ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka àwọn ọmọ ní họ́lídè? Ó ní ọmọ tí òun mọ̀ tó bá omi lọ, kò sí ilé-ìwé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọjọ́ Sátidé ni, ọmọ náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Gbọ̀ngán dákẹ́. Mo sọ fún un pé n kò ní fèrè tó lè dé ibẹ̀. Mo ní àwọn tó máa ń wà létí omi lójoojúmọ́, oníyanrìn, apẹja, àwọn tó ń fọṣọ, àwọn ló ní ojú níbẹ̀, àwọn ló yẹ ká lọ bá, ká kọ́ wọn bí a ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ lẹ́nu, kí ilé-ìwé máa san owó ọjọ́ yẹn fún wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn òbí ọkùnrin, tó ní ọkọ̀ ojú omi méjì, ní ti owó kọ́. Ó ní òun á gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta àti okùn wá ní Sátidé, òun á sì kàn án mọ́ igi létí omi. Ohun kan ṣoṣo tí òun ń fẹ́ lọ́wọ́ wa ni ọ̀dà pupa, kí a fi kùn ún yíká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹnì kan á ti gbé e lọ pọn omi.